Ibi Tí Mi Ò Fi Han Ìyàwó Ọmọ Mi Lórí Àpáta

Èmi kò lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀. Kọ ìyẹn sílẹ̀ ṣáájú. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ní òun fẹ́ fi fóònù gba ohùn mi, mo ní rárá, fóònù a máa kú, ìwé kì í kú àfi tí ikán bá jẹ ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọ̀kà tó wà lẹ́nu mi, òun máa yí i sí Yorùbá tí gbogbo èèyàn lè kà. Mo ní kó yí i, ṣùgbọ́n kó má bu iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí náà bó bá dé ibi tí kò dùn mọ́ ọn, kó máa kọ ọ́ lọ.

Ní Ọ̀kà Àkókó níbí, àpáta ni àgbàlá wa. Mo ti rí i níbòmíràn tí àwọn èèyàn ń tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́bàá títì kí wọ́n lè rí ibi sá oúnjẹ, tí mọ́tò ń da eruku sí i lójú wọn. Àwa kò mọ ìyẹn. Bí a bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi tó rọ̀, tí a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, orí àpáta là ń gbé e lọ. Oòrùn á yan án láti òkè, ooru òkúta á yan án láti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ méjì, bó pẹ́ tán mẹ́ta, ó ti di láfún tó ń dún wáká-wáká lọ́wọ́, ó ku kí a gbé e lọ fún ọlọ́lọ̀.

Àpáta ẹ̀yìn ilé wa, kò sí ògiri lórí rẹ̀, kò sí ìlà, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin mọ ibi tirẹ̀ bí èèyàn ṣe mọ ẹnu ọ̀nà yàrá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, ìyá ọkọ rẹ̀ ló máa gbé ìgbálẹ̀ àti omi, tó máa mú un gun àpáta, tó máa fọ ibì kan fún un. Á ní, "Ibí ni tìrẹ. Ibẹ̀ yẹn ni ti ìyálé rẹ. Ọ̀hún yẹn, ẹnikẹ́ni kì í sá nǹkan síbẹ̀ o." Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo wọlé ọkọ ni ìyá ọkọ mi ṣe é fún mi. Mo ṣì rántí bí omi yẹn ṣe tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ibi tó fọ̀ fún mi náà ni mò ń sá nǹkan sí di òní.

Èmi kò ṣe é fún ìyàwó ọmọ mi.

Ìkàrẹ́ ni ọmọ mi ti fẹ́ ẹ. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wá kí wa, mo wo èékánná rẹ̀ tó pupa, mo wo bàtà rẹ̀, mo ní sínú mi pé kí ni èyí máa fi àpáta ṣe? Ọmọ mi ń wa mọ́tò láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ nígbà yẹn, nǹkan ń lọ déédéé. Ọjọ́ ọdún ni wọ́n ń wá, wọ́n á jẹun, mo máa di láfún fún wọn, wọ́n á padà. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi wà nínú àmù, mi ò gbé e. Wọ́n bímọ kìíní, mi ò gbé e. Wọ́n bí ẹ̀kẹta, mi ò gbé e.

Ọmọ yìí ti dá bírò dúró, ó ń wò mí. Máa kọ, jàre. Ìyá rẹ mọ̀. Mo ti sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, epo bẹntiróòlù gun òkè, kò sì sọ̀ mọ́. Èrò tó ń wọ mọ́tò lójoojúmọ́ di ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀, àwọn tó kù ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n jókòó sílé. Ẹni tó ni mọ́tò wá gba mọ́tò rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rán aṣọ tuntun mọ́. Àtúnṣe ni wọ́n ń gbé wá, gbogbo rẹ̀ kí ó bá wọn dín in kù ni, torí pé ara ń rù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyẹn fún mi, tó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Wọ́n kó dé ní ọjọ́ kan, bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀dì, máṣíìnì ìránṣọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá tọrọ iná. Mo ní, "Kí lẹ dúró sí? Ẹ wọlé. Ṣé àlejò ni yín ni?" Mo jẹ́wọ́ fún yín pé inú mi dùn. Ilé tí mo ti ń dá gbé, ariwo ọmọdé kún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀wọ́n kò sì bà mí lẹ́rù. Mo ti rí ọ̀wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé mi. Ó ń wá, ó ń lọ, ilẹ̀ kì í bá a lọ. A ní oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn odò, ó ti gbó.

Ṣùgbọ́n kò tó oṣù mẹ́ta tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Èkó.

Ó ní, "Màámi, ẹnì kan ní òun máa bá mi rí iṣẹ́ máígàádì l'Ékòó. Géètì ni màá máa ṣí."

Mo ní, "Ilẹ̀kùn tìrẹ ńkọ́? Ta ni yóò máa ṣí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún kan péré ni, Màámi. Kí nǹkan fi rọ̀ díẹ̀."

Ọdún kan péré. Ẹnu bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde wá, bó ṣe rí gan-an. Nígbà tí ọmọ mi yìí wà lẹ́yìn mi ni ọkọ mi lọ ṣe lébìrà ní oko kòkó ní ọ̀nà Oǹdó. Ọdún kan ló ní. Ó di mẹ́sàn-án. Kì í ṣe pé ó pa wá tì. Ó ń ránṣẹ́, ó ń wá lọ́dún. Ṣùgbọ́n ìgbà kan tó wá, ọmọ rẹ̀ sá sẹ́yìn ìró mi, ó ní, "Ìyá, bọ̀dá kan wà níta." Bàbá rẹ̀ gbọ́. Ọkùnrin yẹn jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ọmọ tó pe bàbá rẹ̀ ní bọ̀dá ló fẹ́ lọ ṣí géètì l'Ékòó yìí.

Mo wí fún un. Mo ní, "Gbọ́. Ẹ jẹ́ ká wú ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn odò. Bó bá gbé wa dé iṣu tuntun, o ò ní lọ. Bí kò bá gbé wa dé ibẹ̀, mi ò ní dá ọ dúró." Ó ní òun gbà. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ìrẹsì nítòsí, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gé èékánná rẹ̀. Ó tẹ̀ lé wa lọ sóko.

A wú apá kan, a bó o, a rẹ ẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Àárín òjò ni. Ní àkókò yẹn, oòrùn là ń jí lò: bó bá ràn lọ́jọ́ kan péré, gbogbo obìnrin á sáré gun àpáta. Ọjọ́ kìíní tí mo mú ìyàwó mi gòkè pé kó bá mi gbé báfù, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wọlé ọkọ lọ́dún kan náà, aláwàdà èèyàn, ó ní, "Áà, ìyàwó Ìkàrẹ́! O fẹ́ tẹ àpáta láìkí i? Kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó o tó gùn ún. Àṣà wa ni."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tọkàntọkàn, ó tún ní, "Ẹ kú oòrùn o." Àwọn obìnrin ṣubú lu ara wọn lẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run má fi bi mí. Òun náà rẹ́rìn-ín níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi ṣẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í yára gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, oòrùn jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Báfù mẹ́rin ẹ̀gẹ́ ti rọ̀, ó ti ṣe é sá. Wọ́n sì ránṣẹ́ láti Ìkàrẹ́ pé ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò yá. Mo di gèlè, mo ní, "Ìyàwó mi, kó ẹ̀gẹ́ lọ sórí àpáta o, mò ń bọ̀ kílẹ̀ tó ṣú." Mi ò sọ ibi tó máa sá a sí. Kò wá sọ́kàn mi. Ohun téèyàn ti mọ̀ fún ọgọ́ta ọdún, á rò pé òkúta ló máa sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ibi tèmi kò gbà ju báfù kan lọ. Ó sá a, ó kún. Ó wò yí ká: ibi tí kò tíì kún, ti olúkúlùkù ni. Àfi ibì kan láàárín, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń dán, kò sí eruku kan lórí rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán. Ó rò pé Ọlọ́run ló fi í sílẹ̀ fún òun. Ó da báfù mẹ́ta tó kù síbẹ̀, ó tẹ́ ẹ dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi pariwo láti òdìkejì. "Ìyàwó Ìkàrẹ́! Inú odò lo sá a sí yẹn o!"

Ìyàwó mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkúta gbígbẹ. Ó ń jó o lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Odò náà ńkọ́, ṣé kí n kúnlẹ̀ kí i ni?"

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kó o kúrò! Àwàdà kọ́ nìyí!"

"Ẹ̀yin náà ni, Ìyá. Lánàá àpáta, lónìí odò. Lọ́la ẹ ó ní kí n fẹ́ ẹ lọ́kọ."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ibẹ̀ yẹn jẹ́. Ojú ọ̀nà omi ni. Òkè kan wà lẹ́yìn wa tó ga ju tiwa lọ. Bí òjò bá rọ̀ sórí rẹ̀, gbogbo omi náà, orí àpáta wa ló ń gbà kọjá. Oòrùn lè máa ràn ní tiwa, kí ẹ̀kán òjò kan má kan èèyàn lórí, kí omi sì ya dé láti ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi mọ́.

Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà ni mo ti rí òkè náà tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìgbà yẹn ló tó wá sọ́kàn mi. Mo ní, "Dẹ́rẹ́bà, sáré díẹ̀."

Ó ní, "Ìyá, ṣé òjò ló ń lé yín ni? Oòrùn rèé."

Mo ní, "Má wo oòrùn, wo títì."

Kí n tó gun àpáta, ó ti parí. Omi ṣì ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun bí omi ògì. Ìyàwó mi dúró létí rẹ̀ pẹ̀lú báfù òfìfo, ìdajì ìró rẹ̀ tutù. Ó ti gbìyànjú láti fi aṣọ dí i. Ọmọ mi dé láti oko, ó wo omi, ó wo ìyàwó rẹ̀, kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ó kàn ní, "Ó parí nìyẹn," ó yí padà sílé. Nígbà tí mo wọlé, ó ń di aṣọ sínú báàgì.

Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná. "Màmá, wọ́n sọ fún mi. Mo rò pé wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ta ló máa gbà pé odò wà lórí òkúta gbígbẹ?"

Mo ní, "Ẹni tí ìyá ọkọ rẹ̀ bá ti fi hàn án." Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi kí n tó rí i sọ. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Gbé báfù. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ìsàlẹ̀."

Ní ẹsẹ̀ àpáta, ihò kan wà tí omi máa ń dà sí. Ẹ̀gẹ́ wa ti sùn síbẹ̀, ó rọ̀ jọ bí èkuru. A ń fi igbá bu òkè rẹ̀ tó mọ́, a fi tìsàlẹ̀ tó níyanrìn sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Bí a ṣe ń bù ú, mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó gbé igbá tirẹ̀ wá. Kò ṣàwàdà kankan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bu tirẹ̀ sínú báfù wa. A rí bí ìdajì kó padà.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, òjò kò dá mọ́. Kò sí ẹni tó lè sá nǹkan kan. Èyí tó kù nínú dúrọ́ọ̀mù rọ̀ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọmọ mi ní Ọjọ́bọ̀ ni mọ́tò Èkó máa gbé òun. Mo jókòó, mo ń wo ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ ń wò mí. Ìgbà náà ni mo rántí igbó kòkó.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ bá ọkọ mi níbẹ̀. Mo lo oṣù márùn-ún. Igbó yẹn kò ní àpáta, igi bo oòrùn mọ́lẹ̀. Mo béèrè pé níbo ni wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Iná ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́. Wọ́n á fún omi rẹ̀ kúrò, wọ́n á yọ ìhán rẹ̀, àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ yẹn, wọ́n á mọ ọ́n róbótó-róbótó bí orí ọmọ tuntun, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ lókè ààrò kí èéfín máa yan án. Púpurú ni wọ́n ń pè é. Mo kọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo kórìíra rẹ̀, torí pé ọkọ mi kò bá mi padà, èéfín yẹn àti ẹkún mi ni mo jọ kó wálé. Láti ìgbà náà, mi ò ṣe é rí.

Mo pe ọmọ mi. "Kó o tó lọ, kan pẹpẹ kan fún mi lókè ààrò."

Ó ní, "Màámi, Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ."

"Òní ni ọjọ́ Ajé. Ṣé ọjọ́ mẹ́ta kò tó kan pẹpẹ?"

Ó kàn án. Ó gbé báàgì aṣọ rẹ̀ sí ìkángun rẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà fi ṣeré. Èmi àti ìyàwó mi fún omi, a yọ ìhán, a mọ ọ́n. Ìdá àkọ́kọ́ bà jẹ́. Mo ti gbàgbé. Igi tútù ni mo kó sínú iná, ó korò bí ewúro. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé àṣà yín nìyí náà?" A rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni ọmọ mi. Ó kúnlẹ̀, ó fa igi tútù jáde. "Èéfín yín ti pọ̀ jù. Ẹ ò mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì ni, tó bá ti ń rú èéfín dúdú, epo rẹ̀ ni kò dára?" Ó lọ wá igi gbígbẹ líle, ó ń fi ẹ̀kọ̀ọ̀kan sí i, ó ń yí púpurú padà, ó ń bínú sí ẹni tó bá fọwọ́ kan ààrò rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ dé, mọ́tò Èkó fun fèrè. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó wà lókè yìí kò tíì gbẹ." Mo wo òde.

Ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́, ìyàwó mi rù ú lọ. Nínú òjò bẹ́ẹ̀, kò sí láfún gbígbẹ lọ́jà. Ìkàrẹ́ ní àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ tó wá láti ìhà Oǹdó lọ́hùn-ún. Obìnrin kan rí igbá wa, ó kígbe, "Yéè! Ta ló gbé púpurú dé Àkókó?" Ìyàwó mi ní, "Ìyá ọkọ mi ni, mà. Ẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ wò, inú rẹ̀ funfun bí òwú." Ẹnu aránṣọ ni, ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò gbé ẹyọ kan padà. Ó fi ra epo, ó fi ra ẹja, ó ra iyọ̀. A wú ẹ̀gẹ́ tó kù díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi ń yan án. A jẹ nínú rẹ̀, a tà nínú rẹ̀, títí mo fi gbọ́ tí ẹnì kan ń kiri iṣu tuntun lójúde.

Ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi lọ gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ. Gbogbo aṣọ inú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Ó nà wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Wọ èyí lọ sí Èkó, ológbò ni yóò máa bá ọ ṣọ́ géètì." Ó da gbogbo rẹ̀ sínú omi fífọ̀. A kò sọ ọ̀rọ̀ Èkó mọ́. Iṣu tuntun ẹlẹ́ẹ̀kejì la ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yìí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo gbé ìgbálẹ̀, mo gbé omi. Mo ní, "Ìyàwó mi, tẹ̀ lé mi." Àwọn obìnrin ti wà lókè. Mo fọ ibì kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ibi ìyá ọkọ mi gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò láti ìgbà tó ti lọ. Mo ní, "Ibí ni tìrẹ. Ibí ni tèmi. Ọ̀hún yẹn, odò ni."

Ó ní, "Odò yẹn, mo mọ̀ ọ́n, Màmá."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú gbogbo wa, ó ní, "Ẹ kú oòrùn o." Ọ̀rẹ́ mi gbé báfù rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun náà fi ọwọ́ ti orúnkún rẹ̀, ó ń ké yéè, yéè, ó kúnlẹ̀ tì í.